Ọkọ̀ Ń Pọ̀ Sí I Lójú Òkun Èkó: Kí Ló Kan Ará Ìkẹjà àti Agége?

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí búrẹ́dì.

Búrẹ́dì Agége. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde, tó rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí a máa ń fi jẹ ẹ̀wà àgànyìn láàárọ̀ ká tó sáré wọ mọ́tò. Orúkọ Agége ló ń jẹ́, àmọ́ àlìkámà tí wọ́n lọ̀ di fúláwà rẹ̀ kì í ṣe ti Agége. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àlìkámà tí Nàìjíríà ń jẹ, òkè òkun la ti ń rà á. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá sí èbúté, wọ́n á lọ̀ ọ́, kí tírélà tó gbé e wá bá oníbúrẹ́dì.

Ẹ tún wá sí Ọba Àkran, Orẹ́gùn, Àgídìngbí àti Ògbà. Kóró ike tí wọ́n ń yọ́ ṣe kẹ́ẹ̀gì àti àga, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà àti ọṣẹ, ẹ̀rọ àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ojú òkun wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kò kan òun, pé kí àwọn ará Àpápá àti Lẹ́kìí lọ máa bá a yí. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òkun ni ará ilé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í rí i láti Ìkẹjà.

Kì í sì ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé kí ilé iṣẹ́ tó bo ilẹ̀ yìí, oko kòkó ni Agége àti Ìfàkò. J.K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ lọ́dún 1907, ojú òkun sì ni kòkó wọn ń gbà lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Nígbà yẹn, ẹrù ń ti Agége lọ sínú ọkọ̀. Lónìí, ẹrù ń ti inú ọkọ̀ wá sí Agége. Ọ̀nà kan náà ni.

Ìbéèrè mi rèé: ọkọ̀ ń pọ̀ sí i lójú omi wa, ṣé ewu náà ń pọ̀ sí i? Ewu wo gan-an? Tó bá sì ṣẹlẹ̀, ta ló máa san gbèsè rẹ̀?

Kí ló ń mú ọkọ̀ pọ̀?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Àpápá àti Tin Can ló ń gba ọkọ̀ ńlá Èkó. Ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lò, àárín odi òkúta méjì tí ìjọba amúnisìn tò wọ inú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Kí wọ́n tó ṣe é, yanrìn tó wà lẹ́nu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ẹ̀yìn òkun ni wọ́n máa ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké á máa já ẹrù wọn.

Àmọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ṣí èbúté tuntun ní Lẹ́kìí, iṣẹ́ ajé sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Jíjìn omi rẹ̀ jẹ́ mítà 16.5, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá ń lọ sí Àpápá kò gbọ́dọ̀ rì wọ omi ju nǹkan bíi mítà 13.5 lọ. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ ràgàjì tí kò lè wọ Àpápá rí ti ń wọ Lẹ́kìí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àgbá epo rọ̀bì 650,000 ni wọ́n kọ́ ọ láti máa fọ̀ lóòjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú dísù àti epo ọkọ̀ òfuurufú jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024, bẹntiróòlù sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ ronú sí i dáadáa: ojú òkun ni epo rọ̀bì ń gbà wọlé, apá ńlá nínú epo tí wọ́n fọ̀ tán sì tún ń gba ojú òkun jáde. Àlọ ọkọ̀ agbépo, àbọ̀ ọkọ̀ agbépo.

Nínú ọ̀sà pàápàá, ẹ máa rí báàjì tó ń gbé kọ̀ǹténà káàkiri nítorí pé ọ̀nà Àpápá ti sú àwọn oníṣòwò. Gbogbo wa la mọ ìyà tí tírélà ti fi jẹ èèyàn láti Ọ̀ṣọ́dì títí dé Mile 2. Nígbà tí ojú pópó dí, omi ni wọ́n sá sí.

Mi ò sọ pé ohun burúkú ni. Iṣẹ́ ni, owó ni. Tí kọ̀ǹténà bá tètè jáde, ilé iṣẹ́ Ìkẹjà máa rí ohun èlò lò, ọmọ Agége tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á gba owó oṣù. Kódà, ọkọ̀ ńlá kan tó gbé ẹrù ọkọ̀ kékeré mẹ́ta lè dín iye ìgbà tí ọkọ̀ ń wọlé kù. Nítorí náà, ọkọ̀ púpọ̀ àti ewu púpọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tó ń sọ ọ́ di ewu ni tí ọkọ̀ bá ń pọ̀ tí àbójútó ò pọ̀ tó o. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Olè ojú omi ti dín kù, ẹ jẹ́ ká gbóríyìn níbi tó yẹ

Tí wọ́n bá dárúkọ ewu lójú òkun wa, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni àwọn olè ojú omi. Wọn ò sì jẹ̀bi, torí ó burú nígbà kan. Lọ́dún 2020, àjọ International Maritime Bureau kà á pé èèyàn 135 ni wọ́n jí gbé lórí ọkọ̀ ní gbogbo ayé. 130 nínú wọn, Gulf of Guinea, ìyẹn agbègbè òkun tiwa yìí, ni wọ́n ti jí wọn gbé. Ẹ tún un kà o: 130 nínú 135.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Ìṣẹ̀lẹ̀ 81 tí wọ́n kà ní agbègbè yìí lọ́dún 2020 ti wálẹ̀ sí 18 lọ́dún 2024. Nàìjíríà ti ṣòfin tó dìídì wà fún olè ojú omi lọ́dún 2019. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, Buhari wá sí Èkó láti ṣí iṣẹ́ Deep Blue, tó kó ọkọ̀ ogun, bàálù àti dúróònù jọ fún ṣíṣọ́ òkun. Ọjọ́ yẹn kan náà ló ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó gba Agége kọjá. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ òkèèrè náà ràn wá lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìjọba ò ṣe nǹkan kan, kò sòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí. Lẹ́yìn tí ìkọlù ti dín kù, owó adójútòfò tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lágbègbè wa, torí pé wọ́n kà á sí ibi eléwu, kò bá a lọ wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìjọba ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n. Ta ló ń san owó yẹn? Ọlọ́kọ̀ á gbé e lé olówó ẹrù lórí, olówó ẹrù á gbé e lé ilé iṣẹ́ lórí, ilé iṣẹ́ á gbé e lé ìwọ tí ò ń ra ọṣẹ ní ọjà Agége lórí. Orúkọ burúkú kì í tètè parẹ́, dọ́là la sì fi ń san tiwa.

Ìyẹn ti olè. Ewu tó kù ńkọ́, èyí tí kò gbé ìbọn lọ́wọ́?

Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn olè ojú omi fẹ́ gba ọkọ̀ kan lójú òkun Togo, nítòsí Lomé. Nínú kìràkìtà yẹn, ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà wọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ó sì já páìpù gáàsì West African Gas Pipeline. Páìpù yìí, ẹ̀bá wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti gbéra, ó gba Badagry wọ inú òkun, ó ń gbé gáàsì lọ sí Benin, Togo àti Ghana. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Gáàsì dúró. Títí wọ inú ọdún 2013 ni wọ́n ṣì ń tún un ṣe. Ní Ghana, ilé iṣẹ́ amúnáwá kò rí gáàsì lò, iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ ní Accra àti Tema, tí wọn ò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ yẹn, ni wọ́n wá ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan ló dá a sílẹ̀.

Gáàsì tó ń wọ ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà, orí ilẹ̀ ni páìpù rẹ̀ gbà wá, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ohun mìíràn wà nísàlẹ̀ òkun tó jẹ́ tiwa pátápátá: wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. SAT-3, MainOne, Glo-1, WACS, ACE, Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, gbogbo wọn gba abẹ́ òkun wọlé. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024? Mẹ́rin nínú wọn já lẹ́ẹ̀kan náà ní agbègbè Abidjan. Áàpù báńkì kò ṣiṣẹ́, POS ń yí bírí láìsọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Alẹ́ńdé àti Computer Village káwọ́ lérí.

Mi ò ní parọ́ fún yín: ìyẹn kọ́ ni ọkọ̀ fà. Ìwádìí tí MainOne gbé jáde tọ́ka sí i pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló ṣípò. Ṣùgbọ́n kárí ayé, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń já irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni ìdákọ̀ró ọkọ̀ àti àwọ̀n apẹja. Ọjọ́ yẹn kàn fi hàn wá bí ilé wa ṣe máa rí tó bá tún já. Tí ọkọ̀ tó ń dúró ní ẹ̀yìn òkun Èkó bá ń pọ̀ sí i, ibi tí oníkálukú ń ju ìdákọ̀ró sí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ "ṣe bó o ṣe fẹ́".

Tí ilẹ̀kùn bá há ńkọ́?

Èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Mo ti sọ pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni Àpápá àti Tin Can ń lò. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baltimore, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2024. Iná kú lórí ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Dali, ọkọ̀ náà ya lọ kọlu afárá Key, afárá wó sínú omi. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún ọ̀nà ṣe lórí afárá kú. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ni wọ́n tó ṣí gbogbo ọ̀nà omi náà padà tán. Amẹ́ríkà nìyẹn o, tí wọ́n ní kírénì ràgàjì àti owó.

Kò sí afárá lẹ́nu ọ̀nà tiwa. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí afárá bá wó. Tí ọkọ̀ ńlá kan bá rì tàbí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín odi òkúta méjèèjì yẹn, Àpápá àti Tin Can máa há pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́kìí máa gba díẹ̀, òótọ́ ni, ìyẹn sì jẹ́ àǹfààní kan tí a ò ní tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ilé ìlọ̀ fúláwà tó wà ní Àpápá, ọgbà ìkẹ́pósí tó wà ní Àpápá, ojú irin tó ń ti Àpápá gbé kọ̀ǹténà gba Agége lọ sí Ìbàdàn, kò sí èyí tó lè ṣí lọ sí Lẹ́kìí ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ilé iṣẹ́ mélòó ní Ìkẹjà ló ní ohun èlò tó lè tó oṣù méjì nílẹ̀? Pẹ̀lú owó èlé báńkì tó wà lóde yìí, ta ló ń to ọjà jọ sí wíà háùsì? Tí ohun èlò bá tán, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá padà sílé.

Ọkọ̀ tó ti gbó, ẹrù tó lè jó

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2022, ọkọ̀ Trinity Spirit bú gbàmù lójú òkun wa, ní apá ibi tí àwọn Ìlàjẹ ti ń pẹja títí dé agbègbè Delta. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú epo sí ni. Ọdún 1976 ni wọ́n kàn án, ìyẹn ni pé ó ju ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lọ. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ti wọ gbèsè. Èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí iná sọ. Àwọn kan yè, òkú àwọn kan ni wọ́n rí.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ọkọ̀ kì í ṣàdédé gbó. Ẹnì kan ló máa ń fọwọ́ sí i lọ́dọọdún pé ó ṣì lè dúró. Nígbà tí owó ilé iṣẹ́ bá tán, àtúnṣe ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀. Tí ọkọ̀ agbépo bá ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lẹ́kìí, iye ọjọ́ orí wọn àti ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò jẹ́ ohun tó yẹ kí gbogbo ìlú lè rí kà.

Epo nìkan sì kọ́ o. Lọ́dún 2021, ọkọ̀ X-Press Pearl gbiná lójú òkun Sri Lanka, ó sì rì. Kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, kóró ike náà sì wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,680. Kóró ike yẹn bo etíkun bí ìgbà tí yìnyín bá rọ̀. Wọ́n ní kí àwọn apẹja má wọ òkun. Irú kóró ike yẹn gan-an ni wọ́n ń tú sínú ẹ̀rọ ní Ìkẹjà àti Agége lójoojúmọ́ láti fi ṣe báàgì náílọ́ọ̀nù àti kẹ́ẹ̀gì. Ẹrù tiwa náà ni. Tó bá dà sí òkun wa, a ò lè ní a ò mọ̀ ọ́n rí.

Òkú ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí etíkun láti Tarkwa Bay lọ sọ́nà Badagry mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ti pa tì, tó ń dípẹtà, tí omi ń jẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé wà lórí yíyọ òkú ọkọ̀, tó ní olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò tó máa san owó rẹ̀. Ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn tó ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Bíbuwọ́lùwé kò le. Ká rí olówó ọkọ̀ mú lẹ́yìn tó ti pa fóònù rẹ̀ ni iṣẹ́.

Àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kà

Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá fara gbún ọkọ̀ ńlá, ìròyìn gbogbo ayé ni. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá gba orí àwọ̀n apẹja kọjá lóru, ta ló ń gbọ́? Ọkọ̀ ńlá tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ AIS, èyí tó ń sọ fún ọkọ̀ yòókù pé "èmi nìyí, ibi tí mò ń lọ nìyí". Ọkọ̀ igi apẹja kò ní in. Lójú ẹ̀rọ, kò sí níbẹ̀ rárá.

Òfin wa ní kí ọkọ̀ tó ń fi àwọ̀n ńlá wọ́ ẹja má ṣe wọ inú máìlì ojú omi márùn-ún sí etíkun, torí pé ti àwọn apẹja kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ibi tí ọkọ̀ agbépo ń dúró sí ṣe ń gbilẹ̀, tí wọ́n sì ń lé apẹja kúrò nítòsí èbúté àti páìpù, ibi tó kù fún wọn ń há sí i. Apẹja tí wọ́n bá ti lé kúrò nítòsí máa lọ sí ibi tó jìn, lórí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Ewu náà kò lọ, ó kàn ṣípò sórí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni.

Nínú ọ̀sà ńkọ́? Báàjì tó gbé kọ̀ǹténà àti ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ìkòròdú, omi kan náà ni. Àjọ LASWA ti ń pariwo pé kí èrò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kí ọkọ̀ èrò má rìn lóru. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kì í dá báàjì tí kò tan iná dúró.

A ti rí irú rẹ̀ rí

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ bi àwọn bàbá yín nípa sìmẹ́ǹtì ọdún 1975. Owó epo ti dé, ìjọba Gowon sì ra sìmẹ́ǹtì bíi tọ́ọ̀nù ogún mílíọ̀nù nígbà tí èbúté Èkó kò lè gba ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún. Ọkọ̀ tó tò sí ẹ̀yìn òkun Èkó lé ní 400. Wọ́n dúró fún oṣù gbọọrọ, ìjọba ń san owó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́, sìmẹ́ǹtì ń gan nínú ọkọ̀. Ọjà mìíràn tí ìlú nílò há sẹ́yìn wọn. Gowon kúrò lórí oyè ní oṣù keje ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì sì wà lára ohun tí wọ́n fi bá a wí. Èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977, inú wàhálà yẹn ni wọ́n ti bí i.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ la kọ́kọ́ pè, ètò la wá ń wá lẹ́yìn. Àṣà wa nìyẹn, ó sì ti tó ká jáwọ́ níbẹ̀.

Ìjú-Ìṣàgá kò ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé pátápátá. Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, ọjọ́ Àìkú ni. Bàálù Dana já lulẹ̀ sí Ìjú-Ìṣàgá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agége níbí. Èèyàn 153 ló wà nínú bàálù náà, kò sí ẹni tó yè. Àwọn tó wà nílé ara wọn nílẹ̀ náà kú. Wọn ò ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò lọ sí ibì kankan. Àṣìṣe ẹlòmíràn ló já lé wọn lórí.

Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó yẹ ká rántí. Wọ́n ṣèwádìí, wọ́n sì gbé ìwé ìwádìí náà jáde fún gbogbo ayé kà. Iṣẹ́ àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ni. Lọ́dún 2022, òfin tuntun sọ àjọ náà di NSIB, ó sì fún un láṣẹ láti máa wádìí jàǹbá ojú irin àti ti ojú omi pẹ̀lú. Irinṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè ni bóyá wọ́n á fún un lówó àti òṣìṣẹ́ tó mọ òkun, àti bóyá ìwé ìwádìí ti ojú omi á máa jáde bíi ti ojú òfuurufú.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, lọ́wọ́ mínísítà ètò ọrọ̀ ajé ojú omi, Adégbóyèga Oyètọ́lá, tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, àti lọ́wọ́ NPA àti NIMASA rèé:

1. Ibi tí ọkọ̀ lè ju ìdákọ̀ró sí gbọ́dọ̀ hàn kedere, kó jìnnà sí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti páìpù, kí ẹni tó bá rú òfin náà san owó ìtanràn.

2. Kí ẹnì kan máa wo gbogbo ọkọ̀ láti Badagry dé Lẹ́kìí lórí ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru, kó sì lè bá wọn sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń darí bàálù ní Ìkẹjà. Kò yẹ kí NPA, NIMASA àti ọmọ ogun ojú omi máa wo tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

3. Kí ètò wà lórí ìwé, tí wọ́n ti fi dánra wò, fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá há sẹ́nu ọ̀nà Àpápá. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ni kó kọ́kọ́ béèrè fún un, torí àwọn ni ebi á kọ́kọ́ pa.

4. Báàjì tí kò bá ní iná kò gbọ́dọ̀ rìn lóru. Kí apẹja náà sì wà níjòókòó nígbà tí wọ́n bá ń pín ojú omi.

5. Jàǹbá kọ̀ọ̀kan, ìwé ìwádìí kọ̀ọ̀kan, ní gbangba.

Àwọn kan á ní gbogbo èyí máa gbé owó èbúté lọ sókè, pé ó ti wọ́n jù tẹ́lẹ̀. Wọn ò parọ́. Àmọ́ a ti ń san owó náà báyìí. À ń san án fún adójútòfò nítorí orúkọ burúkú ìgbà olè, à ń san án fún ọkọ̀ tó dúró, à ń san án fún ọ̀nà tó dí. Owó àbò kéré sí owó ẹ̀bi. Kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn rẹ̀.

Tí ẹ bá ra búrẹ́dì lọ́la ní Pẹ́ń Sínímà, ẹ rántí pé ẹnì kan wà lójú òkun lálẹ́ òní tó ń tukọ̀ bọ̀ wá bá wa nínú òkùnkùn, tó sì ń retí pé ẹnì kan ń wo ọ̀nà fún òun. Ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé ẹni náà kò sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tàbí ní èbúté, ẹ sọ tẹnu yín fún mi. Ọjọ́ mélòó ni ohun èlò ibi iṣẹ́ yín lè gbà tí Àpápá bá há? Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ó dìgbà kan ná.